Bruno ń tiro: ṣé dandan ni iṣẹ́ abẹ orúnkún fún ajá mi?

Ìyá Bruno (Gwarinpa), Ọjọ́ Ajé, aago 6:40 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, kò sì jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Boerboel ni Bruno, irú ajá ńlá kan, ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ọmọ oṣù méjì ló wà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ ló sì máa ń sùn sí títí di òní.

Ní Sátidé tó kọjá, ẹni tó gbé gáàsì wá kan géètì. Bruno sáré láti ẹ̀yìn ilé, ó ṣẹ́rí padà lórí táìlì tó ṣì tutù, mo sì gbọ́ tó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí n tó dé ibẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún sókè, kò jẹ́ kó kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ìka tọ́ ilẹ̀ wò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bó ṣe ń jókòó: kò ká ẹsẹ̀ yẹn sábẹ́ ara mọ́, ńṣe ló ń nà án síta bí àgbàlagbà tó jókòó lórí ẹní.

Dókítà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá tẹ orúnkún náà, ó ní iṣan àárín rẹ̀ ló já, kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Iye tó dá lé mi ju owó ilé ìwé sáà méjì ọmọ mi kan lọ. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé ara ajá máa ń wo ara rẹ̀ sàn. Aládùúgbò wa mọ maɗori kan, àwọn tó ń to eegun nílẹ̀ yìí, ó ní kí n jẹ́ kó wá fi igi dì í. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ẹnu mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rìn lọ́nà yìí rí, kó bá mi sọ òótọ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Kubwa, Ọjọ́ Ajé, aago 7:15 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ó ṣẹlẹ̀ sí ajá mi náà lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ajá ilé lásán ni, kílò 11. Dókítà ní kí n ṣe sùúrù ná. A so ó mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò sáré, kò fò. Oògùn ìrora fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, a sì dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Ní báyìí, bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ kò lè mọ ẹsẹ̀ tó jẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ abẹ kì í ṣe dandan, ohun tí èmi rí nìyẹn.

Bàbá Ìbejì (Kàdúná), Ọjọ́ Ajé, aago 8:02 àárọ̀

Àbúrò mi ní Kubwa, òótọ́ lo sọ o, ṣùgbọ́n kílò 11 ni tìrẹ. Jẹ́ kí n sọ ti kílò 44.

Rottweiler ni tèmi, abo. Wọ́n sọ fún mi pé iṣan orúnkún òsì ti já, mo sì rò pé bó bá ti sinmi, á jinná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, inú mi dùn, mo tú u sílẹ̀ nínú ọgbà. Ọjọ́ kẹrin ó tún gbé ẹsẹ̀ sókè. Mo so ó, mo tú u, mo tún so ó, bẹ́ẹ̀ ni oṣù mẹ́jọ ṣe kọjá. Nígbà tí mo máa fi gbé e padà lọ, itan òsì ti gbẹ débi pé bí mo bá fi ọwọ́ méjèèjì di itan rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló dà bíi pé ajá méjì ni mo dì mú. Apá inú orúnkún ti le, ó ti yọ kókó bí eegun. Gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ ló ti ń gbé sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún ní gbogbo àkókò yẹn, oṣù méjì lẹ́yìn náà, ti ọ̀tún náà já.

A ṣe iṣẹ́ abẹ méjèèjì níkẹyìn. Ó rìn. Ṣùgbọ́n aromọléegun ti wọ orúnkún òsì yẹn kí a tó débẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti dé, àárọ̀ kì í dùn mọ́ ọn. Oṣù mẹ́jọ yẹn ń dùn mí títí di òní. Ìyá Bruno, bí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ mọ ọjọ́ tí ẹ máa dúró dà.

Ìyá Lọ́lá (Lugbe), Ọjọ́ Ajé, aago 12:30 ọ̀sán

Èmi kò mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n nítorí Ọlọ́run, Àǹtí, ẹ má fún un ní oògùn ìrora tiyín. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ajá mi ń tiro, mo fún un ní diclofenac tí mo ń lò fún ẹ̀yìn ríro, mo pò ó mọ́ ẹja. Lọ́jọ́ kejì mo pe ẹnì kan tó ń gún ẹran ládùúgbò, òun náà fún un ní abẹ́rẹ́ dexamethasone láìbéèrè ohun tí mo ti fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ó ń bì. Dókítà ní ikùn rẹ̀ ti dá egbò, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa jìyà rẹ̀.

Dókítà Ẹran, Zaria, Ọjọ́ Ajé, aago 8:50 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, gbogbo ilé. Dókítà ẹran ni mí, Zaria ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Lọ́lá, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ìyẹn. Diclofenac àti ibuprofen tí èèyàn ń lò máa ń ba ikùn àti kíndìnrín ajá jẹ́, bí wọ́n bá sì pàdé dexamethasone, ewu náà di ìlọ́po. Oògùn ìrora ti ajá wà, bíi carprofen àti meloxicam, ìwọ̀n ara ajá la fi ń díwọ̀n rẹ̀, a kì í sì í lo méjì pọ̀.

Mi ò lè wo Bruno láti inú fóònù, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló lè sọ ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí orúnkún ajá bá yé yín, ìbéèrè tí ẹ máa bi dókítà yín á yàtọ̀.

Orí egungun ojúgun ajá kò tẹ́jú. Ó dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn, ó máa ń tó nǹkan bíi dígírì 25, egungun itan ló sì jókòó lé gẹ̀rẹ́ yẹn lórí. Gbogbo ìgbà tí ajá bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, egungun itan fẹ́ yọ̀ sẹ́yìn, ojúgun fẹ́ yọ̀ síwájú. Ẹ rántí ọkọ̀ àjàgbé tó bàjẹ́ sórí òkè, tí ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ fi òkúta ńlá di ìdí táyà. Iṣan tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, èyí tí àwa dókítà ń pè ní cruciate, òun ni òkúta ìdí táyà yẹn. Bó bá ti kúrò, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọkọ̀ ń yọ̀.

Ti ajá kò sì dà bíi ti agbábọ́ọ̀lù. Orúnkún agbábọ́ọ̀lù lè dá ṣáṣá kí wọ́n gbá a lulẹ̀, kí iṣan já lọ́jọ́ kan náà. Lára ajá, ó ti máa ń pẹ́ tí iṣan náà ti ń gbó, ó ń tú ní fọ́nrán fọ́nrán bí okùn kànga. Ọjọ́ tí Bruno ṣẹ́rí padà lórí táìlì lè jẹ́ ọjọ́ tí fọ́nrán tó kù já lásán. Ìdí nìyẹn tí ti ẹsẹ̀ kejì fi ń tẹ̀lé e tó bẹ́ẹ̀: ó sún mọ́ ìdajì nínú àwọn ajá tí ọ̀kan já fún, tí èkejì máa ń já bó bá yá. Ohun tí Bàbá Ìbejì rí kì í ṣe àkóbá, a máa ń rí i.

Ọmọ Ọ̀yọ́ àti Bàbá Ìbejì, òótọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì sọ. Ìwọ̀n ara ló fa ìyàtọ̀. Ìwádìí kan jáde ní 1984 lórí àwọn ajá tí wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Lára àwọn tí kò tó kílò 15, nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹsẹ̀ wọn dára tàbí tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lára àwọn tó ju kílò 15 lọ, nǹkan bí 19 péré ni. Ajá kékeré kò wúwo tó láti máa ya orúnkún ara rẹ̀. Awọ àti ẹran tó yí i ká á le, á sì dì í mú. Ajá ńlá ń fi ìwúwo rẹ̀ tú ohun tí ara ń hun.

Nǹkan kejì ni tìmùtìmù méjì tó wà láàárín egungun itan àti ojúgun. Bí egungun ṣe ń yọ̀ síwá sẹ́yìn, ó ń lọ tìmùtìmù apá inú. Bó bá ya, ajá tó ti ń gbádùn á ṣàdédé tún gbé ẹsẹ̀ sókè. Nígbà mìíràn ẹ máa gbọ́ "kọ́, kọ́" bó bá ń rìn. Ìsinmi kì í wo ìyẹn. A ní láti ṣí orúnkún, ká gé ibi tó ya kúrò.

Ìyá Bruno, ẹ fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí". Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ti pàjáwìrì. Bí ẹ bá so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fi wádìí tí ẹ sì wá owó kò ní bà á jẹ́. Èyí tó ń bà á jẹ́ ni oṣù mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ igi: ẹ jọ̀ọ́, rárá. Kò sí egungun tó ṣẹ́. Iṣan tó já nínú orúnkún, igi tí wọ́n dì mọ́ ìta kò lè so ó. Ẹran itan ló máa gbẹ, awọ á dá egbò.

Ìyá Bruno (Gwarinpa), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:55 àárọ̀

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ọ̀rọ̀ òkúta ìdí táyà yẹn fún ọkọ mi, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ìbéèrè mi ni pé: dókítà àkọ́kọ́ tẹ orúnkún náà nígbà tí Bruno ń kùn tó sì ń jà, ìṣẹ́jú kan kò pé. Kò ya X-ray. Ṣé ó lè mọ̀ lóòótọ́ pé iṣan ti já?

Dókítà Ẹran, Zaria, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:10 ọ̀sán

Ó lè mọ̀, ó sì lè ṣì í. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé a ó fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ egungun itan mú, a ó fi ọwọ́ kejì di orí ojúgun, a ó wá wò ó bóyá ojúgun á yọ síwájú bí dúróà tí wọ́n fà láti inú tábìlì. Bó bá yọ, iṣan ti já. Ṣùgbọ́n bí ajá bá ń bẹ̀rù, tó fún ẹran itan pọ̀, kò ní yọ, kódà bí iṣan ti já pátápátá. Ajá tó wúwo tó yẹn, ó yẹ kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa mú ara rẹ̀ rọ̀ kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ pé apá kan iṣan ló já, ó lè yọ nígbà tí orúnkún bá ká, kó má yọ nígbà tó bá nà.

X-ray kì í fi iṣan hàn. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn yẹra fún un. Ó máa fi hàn bí omi bá ti kún orúnkún, bí aromọléegun bá ti bẹ̀rẹ̀, ó sì máa sọ bóyá nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀. Lára àwọn ajá ńlá, jẹjẹrẹ egungun wà tó máa ń mú wọn tiro. Ìbàdí tó yẹ̀ wà. Kódà àìsàn tí eégbọn ń kó sí ajá lára máa ń mú oríkèé wú. Ẹ kò ní fẹ́ kí wọ́n ṣí orúnkún tán kí ẹ tó mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni.

Bí ẹ bá lọ, ẹ béèrè bóyá dókítà náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Kì í ṣe àfojúdi. Kí ẹ sì bi í pé: irú iṣẹ́ abẹ orúnkún yìí mélòó lẹ ti ṣe lára ajá tó tóbi tó báyìí?

Ẹ̀gbọ́n Jabi, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:20 alẹ́

Dókítà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 1984 yẹn ti pẹ́. Ìwádìí mìíràn wà ní 2013, ajá 40 tó sanra jù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, wọn kò ṣe fún apá kejì. Lẹ́yìn ọdún kan, 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára lára àwọn tí wọ́n ṣe fún, àwọn tí wọn kò ṣe fún jẹ́ bíi 64. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ta ẹ̀rọ amúnáwá. Mo ti rí ẹni tó yáwó ṣe abẹ fún ajá, tí ajá náà kò jí láti ojú oorun. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Dókítà Ẹran, Zaria, Ọjọ́rú, aago 6:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ ti ajá tí kò jí. Ewu oorun iṣẹ́ abẹ wà, mi ò ní fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n sì bi ilé ìwòsàn léèrè ẹni tó máa jókòó ti ajá nìkan ṣoṣo, tó máa ṣọ́ èémí rẹ̀, nígbà tí oníṣẹ́ abẹ ń ṣiṣẹ́. Ká tún béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ láàárín.

Ìwádìí tí ẹ mú wá yẹn dára, inú mi dùn pé ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fún apá méjèèjì: oúnjẹ tó ń dín sísanra kù, oògùn ìrora, àti ìtọ́jú ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ kò kàn jókòó máa wo ajá. Ní oṣù kẹfà, àlàfo tó wà láàárín wọn tóbi ju ti ìparí ọdún lọ fíìfíì, ìrora oṣù wọ̀nyẹn sì wà lára ajá. Tí Ìyá Bruno bá sọ pé òun kò ní ṣe abẹ, mi ò ní bá a jà. Màá kàn bi í pé, ta ló máa ṣe gbogbo ìyókù?

Ìbéèrè kan náà ni màá bi í bó bá ní òun máa ṣe abẹ. Mo ti ran orúnkún tó dára pátápátá, kí ajá náà fo géètì ní ọjọ́ kẹwàá. Gbogbo ẹ̀ já.

Bàbá Ìbejì (Kàdúná), Ọjọ́rú, aago 10:45 àárọ̀

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn, Dókítà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú ilé.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kéèjì ni. Kì í ṣe ọgbà, kì í ṣe pálọ̀. Kéèjì tó lè dìde kó sì yí padà nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ máa mú un jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ láti tọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún, pẹ̀lú okùn kúkúrú. Mo ká táwẹ́ẹ̀lì ńlá gba abẹ́ ikùn rẹ̀ láti iwájú itan ẹ̀yìn, mo di etí táwẹ́ẹ̀lì náà méjèèjì mú lókè bí ìgbà tí obìnrin ń gbé abọ́ gbígbóná, kí ìwúwo má bàa wà lórí ẹsẹ̀. Kí ẹ̀yìn mi tó mọ́ ọn lára, ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Ike tí wọ́n fi sí ọrùn rẹ̀ kí ó má bàa lá ojú abẹ, ẹ má yọ ọ́ nítorí àánú. Mo yọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti já okùn méjì.

Gbogbo táìlì ilé, mo tẹ́ rọ́gì sí. Mo ra àwọn kápẹ́ẹ̀tì àlòkù tí wọ́n ń gé tà, ó kéré sí owó àyẹ̀wò kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìrìn díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ débi tó fi máa fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀. Bí ẹ bá sáré, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló máa lò. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni gbogbo rẹ̀.

Ìyá Bruno (Gwarinpa), Ọjọ́ Ẹtì, aago 4:18 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ìrọ̀lára, ó sùn lórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀, orí rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ mi. Dókítà obìnrin kan, ó di itan mú, ó di ojúgun mú, ó sì ní kí n wò. Mo fi ojú ara mi rí i: egungun náà yọ síwájú, bíi dúróà lóòótọ́, láìsí agbára kankan. Nígbà tó ká orúnkún náà tó sì nà án, nǹkan kan dún nínú rẹ̀. Ó ní kí n gbé ọwọ́ mi lé e. Mo gbọ́ ọ nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, "kọ́".

X-ray fi hàn pé omi ti kún orúnkún, egungun kéékèèké sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù létí oríkèé. Ó ní àwọn yẹn kò lè hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà náà ni mo rántí: láti bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni Bruno ti máa ń le bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde, mo sì ń sọ pé ọjọ́ orí ni. Orí ìwọ̀n wọn, kílò 68. Ó ní kí n fọwọ́ wá egungun ìhà rẹ̀, mi ò rí i. Ó ní kílò 58 ló yẹ kó jẹ́. Ẹ̀bà àti orí ẹja ni, gbogbo alẹ́, torí mo rò pé ajá tó tóbi gbọ́dọ̀ yó.

Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀. Èkíní ni pé kí wọ́n gé orí ojúgun, kí wọ́n yí i kó tẹ́jú, kí gẹ̀rẹ́ yẹn di nǹkan bíi dígírì 5, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti ìdè dì í. TPLO ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe é, ẹni tó ń ṣe é ní láti kó irin wá, iye rẹ̀ jìnnà sí ọwọ́ wa. Èkejì ni kí wọ́n fi fọ́nrán náílọ́ọ̀nù tó nípọn, irú tí wọ́n fi ń mú ẹja ńlá, di egungun itan mọ́ ojúgun láti ìta oríkèé, kó dúró dípò iṣan náà títí ara á fi hun awọ tó le yí i ká. Èyí ló ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Ó sọ fún mi láìfi bò pé lára ajá tó tóbi tó Bruno, irin dára ju náílọ́ọ̀nù lọ, náílọ́ọ̀nù lè rọ̀ tàbí kó já bí ajá bá ń sáré.

Dókítà Zaria, kí lẹ rí sí i?

Dókítà Ẹran, Zaria, Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:05 alẹ́

Dókítà tó sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ fún yín, ẹ di í mú. Ohun tó sọ nípa irin àti náílọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà á ṣe sọ ọ́.

Ní tèmi, "kọ́" tí ẹ gbọ́ yẹn ti yanjú apá kan ọ̀rọ̀ náà. Tìmùtìmù ti ya, ìsinmi nìkan kò ní tó. Orúnkún yẹn ní láti ṣí. Bí apá yín kò bá ká irin, fọ́nrán náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, lára ajá tó ń fọn, nínú ilé tó máa so ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, mo fara mọ́ ọn. Lára ajá kílò 68 tó ń sáré lọ sí géètì, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ rẹ̀ kù láti alẹ́ òní, ẹ má dúró de ọjọ́ abẹ.

Ẹ̀gbọ́n Jabi, Ọjọ́ Ẹtì, aago 9:40 alẹ́

Bó bá jẹ́ pé tìmùtìmù ti ya, mo ti gbà. Àǹtí, mo ní kéèjì irin ńlá kan nílé, ti ajá mi tó kú ni. Ẹ rán ẹnì kan wá gbé e.

Ìyá Bruno (Gwarinpa), ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Wọ́n ṣe é. Ó jí. Mo fẹ́ kọ̀wé tẹ́lẹ̀, okun kò sí lára mi.

A dúró ọjọ́ méjìlá kí a tó lọ, kílò méjì ti dínkù. Nígbà tí wọ́n ṣí i, iṣan náà ti já pátápátá, tìmùtìmù apá inú sì ti ká lé ara rẹ̀; wọ́n gé e kúrò. Ọkọ mi tó ní kí n fi í sílẹ̀, òun ló sùn sí ẹ̀gbẹ́ kéèjì lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ táwẹ́ẹ̀lì yẹn gbà wá là, Bàbá Ìbejì. Málàm tó ń ṣọ́ géètì wa kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó fi ń kírun, mi ò sì lè dá gbé Bruno. Fúnra rẹ̀ ló ya aṣọ iṣẹ́ kan sọ́tọ̀, ó ń dúró ní apá kan táwẹ́ẹ̀lì, èmi ní apá kejì, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Bó bá parí, ó lọ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó bọ́ aṣọ yẹn, ó padà sí géètì. N kò bẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́gáàsì ń pè wá lórí fóònù báyìí kí ó tó dé, kò kan géètì mọ́.

Bàbá Ìbejì (Kàdúná), ọjọ́ kejì

Ẹ bá mi kí Málàm dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ ló léwu jù o, ara ajá á ti yá, òun á rò pé òun ti jinná. Ẹ má tú u.

Ìyá Bruno (Gwarinpa), lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mìíràn

Ọ̀sẹ̀ kejìlá pé lánàá. Kílò 61. Mo lè fọwọ́ kan egungun ìhà rẹ̀. Ó ń rin ìṣẹ́jú ọgbọ̀n láàárọ̀ ládùúgbò wa kí oòrùn tó mú, ó ṣì ń tiro díẹ̀ bó bá ti sùn pẹ́. Dókítà ní orúnkún náà dúró, ojúgun kò yọ mọ́. Ó ní ká máa ṣọ́ ti òsì.

Ní àárọ̀ yìí, mo ń da oúnjẹ sínú abọ́ rẹ̀, mo ní "Bruno, jókòó." Ó jókòó. Mo wo ìsàlẹ̀: ó ti ká ẹsẹ̀ ọ̀tún sábẹ́ ara rẹ̀. Mo pe ọkọ mi kó wá wò ó.

Ẹ̀gbọ́n Jabi ní òun kò fẹ́ kéèjì náà padà. Ó wà ní ẹ̀yìn ilé wa ní Gwarinpa, mo ti fọ̀ ọ́. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá nílò rẹ̀, kó wá gbé e.

Àbúrò Karu, ọjọ́ kan náà, aago 8:30 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Ajá mi bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀ síta bó bá jókòó láti ìjẹta. Kílò 34. A ní ká gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ Ajé. Mo lè wá gbé kéèjì náà ní Sátidé, bó bá rọ̀ yín lọ́rùn.